Ìwé Aṣọ àti Àkísà Àgbà

Àwọn àgbà wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí nìkan ni òwe yìí ń sọ, a kò sì bèèrè ohun tí àgbà lè fi àkísà náà ṣe. Ní oṣù yìí, àwa ń bẹ ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin gbajúmọ̀ ìlú tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa, kí ẹ mú òwe náà gẹ́gẹ́ bí a ti pa á. Ẹ ṣí àpótí, ẹ wo àkísà tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín léèrè pé: ta ni yóò mọ orúkọ aṣọ yìí nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá ti re ibi àgbà ń rè?

Ọ̀rọ̀ tí a ní í sọ kò ṣòro. Ó tó àkókò kí olúkúlùkù agbo ilé tí a ti ń pa aṣọ láró, tàbí tí a ti ń hun aṣọ, ní ìwé aṣọ tirẹ̀: ìwé tí a fi ọwọ́ dì, tí a gán ègé aṣọ mọ́ inú rẹ̀, tí a sì kọ orúkọ aṣọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀, àti ọ̀nà tí a gbà ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìwé tí a ó lọ rà ní ilé ìtàwé. Bébà, abẹ́rẹ́, òwú àti àkísà ni a ó fi ṣe é, ọmọ ilé ni yóò sì ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá láàrin àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹni tí ó bá tẹ́ Ìbàdàndùn sílẹ̀, tí ó sì wò ó dáradára, yóò rí òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàrin àwọn òpó náà. Ní ọdún 1929 ni a ṣí gbọ̀ngàn Mápó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ ìtàn gbọ̀ngàn náà mọ̀ pé aṣọ yìí, bí a ti ń rí i lónìí, kò lè ṣáájú rẹ̀. Bákan náà ni Olóba, tí àwòrán ọba àti ayaba wà nínú rẹ̀: ní àkókò àjọ̀dún ọdún 25 tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, lò lórí ìtẹ́, ní ọdún 1935, ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde wá. Ìtàn ni aṣọ méjèèjì. Àwọn obìnrin tí ó fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ wọ́n jẹ́ òpìtàn wa, ì báà ṣe pé wọ́n mọ ìwé tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, orúkọ aṣọ ni ó wà lẹ́nu ará ìlú. Orúkọ ìyá tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Bí aṣọ tí ó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ bá rí báyìí, kí ni a ó ti wí nípa èyí tí ó jẹ́ ti agbo ilé kan ṣoṣo?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun kékeré ni kí a fi ègé aṣọ sínú ìwé. Àwọn ẹlòmíràn ti mọ iyì rẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1787, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Alexander Shaw ṣe ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ègé aṣọ èèpo igi ni ó kó sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ń lù títí yóò fi fẹ̀ tí yóò sì fẹ́lẹ́. Nínú ìrìn àjò mẹ́ta tí Captain Cook rìn ni a ti kó wọn bọ̀. Ní ọdún 1866, John Forbes Watson ṣe èyí tí ó ju ti Shaw lọ. Ó gé aṣọ àwọn ará Íńdíà, ó to 700 ègé sínú ìwé 18, ó sì ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ́nà 20. Àkójọ 13 lọ sí àwọn ìlú oníṣòwò ní Bìrìtéènì àti Áyálándì, 7 lọ sí Íńdíà. Kò fi ète rẹ̀ pa mọ́ rárá: ó fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ rẹ̀ mọ ohun tí ará Íńdíà ń wọ̀, kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ tà fún wọn.

Ọ̀ràn náà kàn wá pẹ̀lú. Charles Beving, oníṣòwò aṣọ ní Manchester, kó aṣọ jọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà kí ó lè fi wọ́n ṣe àwòkọ fún aṣọ ẹ̀rọ tí yóò tún padà wá tà ní ilẹ̀ yìí kan náà. Ní ọdún 1934 ni àkójọ náà di ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò ń ṣe òwò rẹ̀ ni, aṣọ tí a sì tọ́jú sàn ju èyí tí ikán jẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di ìwé ni ó ń pinnu ohun tí yóò wà nínú rẹ̀. Ìwé tí ẹni tí ń wá ọjà bá ṣe yóò sọ gígùn aṣọ, fífẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti ibi tí a ti rà á. Kì yóò sọ ìyá tí ó fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Kì yóò sọ ìdí tí a kì í fi wọ̀ ọ́ lọ sí irú òde kan. Kì yóò sọ àwàdà tí àwọn obìnrin fi sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tí ó ṣe iyebíye jù lọ ni ó máa ń ṣubú sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ wá wo àwọn tí ó ṣe tiwọn fún ara wọn. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, kí aṣọ ẹ̀rọ tó gbòde, àwọn ilé tí a ti ń hun aṣọ onílà a máa ní ìwé tí wọ́n ń pè ní shima-chō, èyíinì ni ìwé aṣọ onílà. Bí a bá hun aṣọ tán, a ó gé ègé kékeré lára rẹ̀, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ bébà ìṣirò owó tí a ti lò tán ni wọ́n tún ń lò fún un, tí ó fi jẹ́ pé ìṣirò ọjà àtijọ́ ṣì hàn lábẹ́ àwọn ègé aṣọ náà. Nígbà tí ọmọ ilé bá fẹ́ ta òwú sí òfì, ó lè ṣí ìwé náà láti wo bí àwọn ìyá rẹ̀ ti to àwọ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Àgbẹ̀ àti ahunṣọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn kò dúró de àjèjì kí ó tó wá sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ní dára.

Àwa kì í ṣe aláìmoore sí àwọn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nílé. Ní ọdún 1971, Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé kan jáde lórí àdìrẹ, èyí tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olótùú rẹ̀. Ní ọdún 1983, Nike Okundaye, ẹni tí ìyá ńlá rẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́ náà, dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti kọ́ iṣẹ́ aró níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé kan kò lè gba gbogbo agbo ilé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìṣẹ́yìn. Ohun tí ó wà ní ìyẹ̀wù kan, ará ìyẹ̀wù náà ni yóò kó o jáde.

A mọ̀ pé àtakò yóò wà. Àwọn kan yóò wí pé fífi nǹkan pamọ́ sínú bébà kì í ṣe àṣà wa. Àwa dáhùn pé kí wọ́n rántí àrokò. Àwọn baba wa a máa di owó ẹyọ, ìyẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn pọ̀, wọn a fi ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á a sì mọ ohun tí a wí. Kí a so nǹkan mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa; bébà nìkan ni ó jẹ́ tuntun.

Àwọn mìíràn yóò wí pé inú ni àwọn baba wa ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń kọ́ Ifá: ọmọ awo a lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, bí ó bá sì ṣì í pè, àwọn awo tí ó jókòó tì í a dá a dúró. Orúkọ aṣọ kò ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàrin ìyá àti ọmọ ni ó wà. Bí ọmọ náà bá lọ sí Èkó lọ ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, okùn já nìyẹn.

Àtakò kẹta ni ó lágbára jù: pé bí a bá kọ ọ́, olè yóò rí i jí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dé ọjà. Aṣọ ẹ̀rọ láti òkè òkun, tí a tẹ iṣẹ́ àdìrẹ sí lára, ti wà lórí àtẹ. Ẹni tí ó ṣe é kò ka ìwé kankan kí ó tó ṣe é. Aṣọ kan ṣoṣo ni ó rà. Ẹni tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ni olóhun. Àṣírí aró, bí a ti ń wọn elú àti omi eérú, kí ilé pa á mọ́ bí ó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́, orúkọ oníṣẹ́, àti ọdún tí a ṣe é, kí a kọ wọ́n gbangba.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Kí a mú bébà tí ó nípọn, kí a ká a sí méjì, kí a fi mẹ́rin tàbí márùn-ún bọ inú ara wọn, kí a sì fi òwú tí a ti fi ìda oyin pa rán wọn ní ojú ibi tí a ti ká wọn. Bí irú ìdì bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́fà, kí a rán wọn pọ̀. Ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, kí a fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i, nítorí aṣọ nípọn, bí a kò bá sì fi àyè sílẹ̀, ìwé náà yóò la ẹnu bí ẹja. Páálí ni kí a fi ṣe èèpo rẹ̀, kí a sì fi kíjìpá tàbí òfì tí ó ti gbó bò ó.

Kí a fọ aṣọ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí a sá a sí ibòòji, nítorí aró tuntun a máa ràn mọ́ bébà. Ègé tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ tó. Kí a má ṣe fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́, nítorí oúnjẹ aáyán àti ikán ni ẹ̀kọ. Abẹ́rẹ́ ni kí a fi gán etí òkè rẹ̀ nìkan, kí ẹni tí ń wò ó lè ṣí i wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a máa wo ẹ̀yìn aṣọ kí ó tó wo ojú rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí a fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí omi kì í tètè pa á rẹ́.

Ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí a kọ orúkọ rẹ̀ bí ìyá àgbà ti pè é, kì í ṣe bí akọ̀wé ti rò pé ó yẹ kí ó jẹ́. Kí a kọ bóyá ìko ni a fi dì í, tàbí abẹ́rẹ́ ni a fi rán an, tàbí ẹ̀kọ ni a fi kọ ọ́. Bóyá elú ni, tàbí aró òyìnbó. Bí ó bá jẹ́ òfì, kí a kọ bóyá etù ni, tàbí sányán, tàbí àlàárì, àti ibi tí a ti rí òwú rẹ̀. Kí a kọ ẹni tí ó kọ́ oníṣẹ́ náà, àti òde tí a kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ. Bí ìlú méjì bá pè é ní orúkọ méjì, kí a kọ méjèèjì, kí a má ṣe dá ẹjọ́.

Nísinsìnyí, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ẹ jẹ́ kí ìwé kan wà láàfin, kí ẹ sì jẹ́ kí ìlú mọ̀ pé ìwé tí ó bá ti inú agbo ilé wá, ti agbo ilé náà ni, àti pé a kì yóò gbà á lọ́wọ́ wọn láti fi ṣe ẹ̀bùn fún àlejò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìwé dídì kún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin tí aago ọ́fíìsì ń darí, ẹ ya ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ nínú oṣù, ẹ jókòó ti ìyá yín lórí ẹní, kí wọ́n máa wí, kí ẹ̀yin máa kọ. Orúkọ ìyá náà ni kí ó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, kì í ṣe orúkọ akọ̀wé.

Owó bébà kò tó owó ankara ọjọ́ ìnáwó kan. Ohun tí ó wọ́n ni àkókò, nítorí àwọn tí ó mọ orúkọ wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́, ọjọ́ sì ti lọ lórí wọn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, kí ó lọ kí wọn lónìí, kí ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí àpótí.