Kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ window manager kọ́kọ́ ka ìlà 50

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń lo Linux ló fẹ́ kọ window manager tiwọn, ìyẹn ètò tó ń pinnu ibi tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan yóò wà lójú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ àwọ̀ àti ẹwà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lé, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ń kú sí.

TinyWM ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Nǹkan bíi ìlà 50 péré ni kóòdù rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbé fèrèsé kiri, ó sì ń sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré. Inú Xephyr, tó ń ṣí ojú kọ̀ǹpútà kékeré kan sínú èyí tí wọ́n ń lò, ni kí wọ́n ti dán tiwọn wò. Bó bá dàrú, iṣẹ́ tó kù kò ní bá a lọ.

Àwọn kan yóò ní X11 tí TinyWM ń lò ti gbó, pé ọdún 1987 ló ti jáde, Wayland ló kàn. Òótọ́ ni. Àmọ́ lórí Wayland, ètò kan náà ló gbọ́dọ̀ gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, kó gbọ́ ti kíbọ́ọ̀dù àti máúsì, kó tún darí fèrèsé. Ẹrù yẹn pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tí ti X11 bá ti yé e, kó wá ṣí tinywl, àpẹẹrẹ kékeré ti Wayland tó wà nínú wlroots.