Hilux ìhìnrere wa: ẹ jẹ́ ká náwó sí ìdí ọkọ̀

 

Láti ọjọ́ Sunday tá a ti fi Hilux tòkunbọ̀ tá a rà fún iṣẹ́ ìhìnrere abúlé han ìjọ, fóònù mi ò sinmi mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi oríṣiríṣi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: Hilux tí wọ́n gbé sókè gegere, èyí tó gbé táyà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, èyí tí wọ́n to iná sí lórí bíi ti pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní, "Daddy, bá a ṣe fẹ́ kí tiwa rí nìyí." Bàbá àgbà kan nínú ìjọ náà pè mí. Tiwọn ni pé ká má ná kọ́bọ̀ sí i mọ́, pé ẹsẹ̀ làwọn bàbá wa fi wàásù dé gbogbo abà.

Owó tó kù nínú àpò ọkọ̀ náà jẹ́ ₦2,400,000. Ọwọ́ yín ló ti wá. Mo mọ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ tó di ₦3,000 sínú ọ̀rá, tó fi lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹkún ayọ̀. Torí owó bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ èrò mi ní gbangba kí ìpàdé wa tó wáyé.

Èrò mi ni pé ká ná owó yẹn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Bíréèkì, ṣọ́ọ̀kù, sípíríǹgì, táyà, okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Tí nǹkan bá ṣẹ́ kù, ká fi ra epo.

Kí n tó ṣàlàyé, mo ní ìjẹ́wọ́ kan láti ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú ìjọ á rántí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní 2014, lápá Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún, nígbà tá à ń bọ̀ láti abà kan lẹ́yìn Ṣakí. Píkọ̀ọ̀pù àlòkù la ní nígbà yẹn. Ọ̀nà abà burú, ìdí ọkọ̀ ń ha ilẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gbé e sókè. Wẹ́dà kan gé irin, ó kì í bọ abẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn, ọkọ̀ sì ga. A ra táyà ńlá tòkunbọ̀ mẹ́rin kún un. Ó wù mí, ẹ má purọ́ fún mi, ó wu ẹ̀yin náà. Mo ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Inú igbó kọ́ ló ti ṣubú o. Orí títì ọlọ́dà ni. Ewúrẹ́ kan já lu títì níbi kọ́nà, dírẹ́fà wa tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ò dúró bó ṣe yẹ. Ó yí sítíárì, ọkọ̀ fì sápá kan, ó sì dojú dé. Ènìyàn mẹ́fà ló jókòó sẹ́yìn ní gbangba. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin kán lápá, títí dòní apá yẹn ò lọ sókè dáadáa tí wọ́n bá ń yin Ọlọ́run. Mo máa ń rí i láti orí pẹpẹ.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún ìjọ pé ọ̀tá ló fẹ́ dá iṣẹ́ Ọlọ́run dúró. Ẹ pariwo "Iná!" A gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, bó ṣe rí lójú mi nígbà yẹn nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mẹkáníìkì àgbàlagbà kan yẹ ìdí ọkọ̀ náà wò, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Irin tí wẹ́dà fi sí i ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kò sẹ́ni tó rántí pé páìpù bíréèkì ẹ̀yìn ò gùn tó mọ́. Ó ti fà títí, ó ti ń jò. Ọ̀kan nínú àwọn táyà yẹn ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án, ara rẹ̀ ti sán. Bàbá yẹn nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀, Èṣù ò ní sípánà."

Mi ò sọ ọ́ lórí pẹpẹ rí. Mo ń sọ ọ́ lónìí torí pé fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi jọ èyí tí mo yà nígbà yẹn.

Ẹni tó bá ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí aláìnígbàgbọ́, kó rántí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní 1928, nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé bá a, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ilé iṣẹ́ ìjọba. Ìtàn tá a gbọ́ ni pé ẹ̀rọ náà dákú lójijì, kò sì sí ohun tó hàn pé ó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ ibẹ̀ dáadáa. Ta ló lè sọ pé nǹkan kan ò bàjẹ́ lára ẹ̀rọ, bí kì í bá ṣe ẹni tó ti wò ó? Àwa kì í wo nǹkan kan. A kàn ń so ọ́ mọ́ ayé lọ́rùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọkọ̀ tiwa.

Àkọ́kọ́, ká dá a padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Tòkunbọ̀ ni. Ó ti sìn lọ́dọ̀ ẹlòmíì kó tó dé Nàìjíríà. Ká tú bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ball joint, ṣọ́ọ̀kù, bearing táyà, àti bóyá four-wheel rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Hilux four-by-four jìnnà sílẹ̀ ju 20 sẹ̀ntímítà lọ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Èyí tí ìdí rẹ̀ ń ha ilẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà sípíríǹgì rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì, á dìde fúnra rẹ̀.

Ìkejì, táyà. Ká ra tuntun mẹ́rin àti sípíà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní A/T, tó lè rin títì tó sì lè rin ẹrẹ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta tòkunbọ̀ fún wa. Ẹ wo DOT lára táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó tóbi ju ìwọ̀n lọ ń mú bíréèkì ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀, ó ń jẹ epo, sípídómítà á sì máa parọ́: á ní 80 lẹ̀ ń sá, ẹ ti lè máa sá 90.

Ìkẹta, gbígbé ọkọ̀ sókè. Tó bá pọn dandan, kó má ju íǹṣì méjì lọ, kó sì jẹ́ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣe fún ara wọn, kí wọ́n gùn páìpù bíréèkì mọ́ ọn. Kò gbọ́dọ̀ sí irin wẹ́dà kankan níbẹ̀. Ẹni tó ru agbọ̀n ọsàn sórí, ilẹ̀ ló ń tẹ̀ jẹ́jẹ́. Tó bá tún wọ bàtà gogoro, ẹ ṣáà mọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí ní kọ́nà.

Ìkẹrin, omi. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ snorkel, páìpù tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì mí láti òkè. Mo mọyì rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnì lè fún mọ́ra, omi ò ṣeé fún. Ife omi díẹ̀ tó bá wọ inú sílíńdà lè ká irin inú rẹ̀ kò, ẹ́ńjìnì parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n snorkel ò sọ Hilux di ọkọ̀ ojú omi. Odò tó ń ṣàn lágbára máa gbé ọkọ̀ lọ tòun ti snorkel lórí. Ohun tí owó rẹ̀ kéré tó sì ṣe pàtàkì ni páìpù tín-ín-rín tó ń jẹ́ kí gíà àti difẹ́rénṣà mí: ká fà á gùn sókè kí omi má bàa wọ inú òróró wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin mi ni pé kí ẹnì kan fi ọ̀pá wọn odò kí ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́, ká sì bi ará abúlé léèrè. Tó bá ti kọjá orúnkún tó sì ń sáré, ẹ jókòó, ẹ kọrin, ẹ dúró kó fà. Ìwàásù lè pẹ́, ó sàn ju ìsìnkú lọ.

Ìkarùn-ún, ohun èlò fún ọjọ́ tá a bá há. Ṣọ́bìrì, pákó méjì tó nípọn, jáàkì àti pákó tí wọ́n máa gbé e lé, okùn gidi, àti páńpù tó ń lo bátìrì ọkọ̀. Nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, dírẹ́fà tó mọṣẹ́ máa ń jọ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà, láti bíi 32 sí bíi 20 lórí géèjì fọkanáísà, kí táyà lè tẹ́ kó sì di ilẹ̀ mú. Tó bá ti dé títì, á fún un padà, kó tó sáré. Ẹ má so okùn mọ́ irin olórí róbótó tí wọ́n fi ń fa tírélà o. Tó bá já, ó ń fò bí ọta ìbọn. Kí wọ́n bá wa fi ìkọ́ tó lágbára sí ara férémù ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró nítòsí okùn nígbà tí wọ́n bá ń fà á.

Ìkẹfà, dírẹ́fà fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ ká ya owó sọ́tọ̀ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ àwọn dírẹ́fà wa méjèèjì fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà wo ni wọ́n máa lo 4H, ìgbà wo ni 4L? Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kì í fi four-wheel irú ọkọ̀ yìí rin títì gbígbẹ. Ní kọ́nà, táyà iwájú àti tẹ̀yìn ò yí bákan náà. Nínú ẹrẹ̀ wọ́n á ríbi yọ̀. Lórí títì gbígbẹ, gíà ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Iná rẹpẹtẹ àti bull bar ńkọ́? Iná méjì tó dáa tó fún alẹ́. Bull bar wúwo, tó bá sì kọlu ọmọ ènìyàn, kì í dẹ̀ fún un. Ẹ rántí pé ẹrù tí Hilux lè gbé, èrò inú rẹ̀ mọ́ ọn, kò ju bíi tóònù kan lọ. Gbogbo irin tẹ́ ẹ bá kàn mọ́ ọn fún ẹ̀ṣọ́, ẹ ti yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò lára àpò ìrẹsì, Bíbélì àti oògùn tá a fẹ́ gbé lọ.

Èyí tó máa dun yín jù rèé: kò sẹ́ni tó máa jókòó sẹ́yìn gbangba mọ́. Àwọn akọrin á wọ bọ́ọ̀sì débi tí títì parí sí, Hilux á kó wọn wọlé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, nínú ilé ọkọ̀. Á pẹ́ o, mo mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní ọkọ̀ tó rẹwà ń gbé Ọlọ́run ga, pé àwọn ará abúlé á bọ̀wọ̀ fún wa. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbóná lára lóru, tí wọ́n fẹ́ gbé dé ilé ìwòsàn láti abà, kò ní bi wá ní iye iná tó wà lórí ọkọ̀. Bàbá wa tó ní ká má ná nǹkan kan, ẹ dárí jì mí sà. Àwọn bàbá wa fi ẹsẹ̀ rìn torí ẹsẹ̀ ni wọ́n ní. Ẹni tó bá ti kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀, ó ti jẹ gbèsè bíréèkì.

Ẹ ka Deuterónómì orí 22, ẹsẹ kẹjọ. Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tó kọ́ ilé pé kó ṣe ìdènà yí òkè ilé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wà lọ́rùn onílé. Ọlọ́run tó lè rán áńgẹ́lì láti gbé ẹni tó ń já bọ́ ló ní kí wọ́n ṣe ìdènà. Bíréèkì wa ni ìdènà yẹn.

Ìpàdé wa jẹ́ Sunday yìí lẹ́yìn ìsìn kejì. Ẹni tó bá ní èrò míì, kó wá sọ ọ́, a ò ní bínú. Gbogbo rìsíìtì ohun tá a bá rà á wà lára pátákó ìjọ kí gbogbo yín lè rí i. Kí ọkọ̀ tó jáde, a máa dà òróró sí i, a máa gbàdúrà gidi. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì á kọ́kọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀ kí n tó gbé ìgò òróró.

Màmá mi nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ dárí jì mí. Ó ti pé ọjọ́ tó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Olúwa á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo wa, lórúkọ Jésù. Tẹ́ ẹ bá mọ ìjọ míì tó fẹ́ ra ọkọ̀ ìhìnrere, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.