Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dá ọmọ tó lẹ́sẹ̀ padà

  Eré sísá la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù.

Látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ọlọ́nà jíjìn ìlú Èkó, ìyẹn Lagos City Marathon, lọ́dún 2016, àwọn ọmọ bíbí Kenya àti Ethiopia ló sábà máa ń gba owó ńlá ibẹ̀ lọ. Abraham Kiptum láti Kenya ló ṣe ipò kìn-ín-ní lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Bí wọ́n bá sì ti ń fi í hàn lórí tẹlifíṣàn, yálà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni o, tàbí nílé ọlọ́tí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́: "Ẹ̀jẹ̀ wọn ni jàre. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀."

Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́tí lásán ni, mi ò bá má dá sí i. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá kan wà tó ń sọ ọ́ fọ́mọ tó gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ọ̀nà jíjìn ní inter-house sports. Ọmọ á gbé ife wálé tayọ̀tayọ̀, bàbá á ní, "Lọ kàwé ẹ, àwọn ará Kenya ni wọ́n bí ìyẹn mọ́." Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ọmọ ò ní sáré mọ́.

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa o. Àbùdá tí èèyàn jogún, ohun táwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì, lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Finland tó ń jẹ́ Eero Mäntyranta. Eré orí yìnyín, èyí tí wọ́n ń wọ pátákó sẹ́sẹ̀ sá fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ni tiẹ̀. Láàárín 1960 sí 1968, àmì-ẹ̀yẹ Olympics méje ló gbà, mẹ́ta nínú ẹ̀ sì jẹ́ wúrà. Lọ́dún 1993 làwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé jíìnì kan tó ṣàrà ọ̀tọ̀ ló jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń gbé atẹ́gùn tá à ń mí sínú lọ síbi tí iṣan ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní in púpọ̀, kì í tètè rẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ ti dùn rèé: wọ́n rí jíìnì yìí kan náà lára ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí ọkùnrin yìí, síbẹ̀ gbogbo wọn kọ́ ló di aláṣeyọrí nínú eré. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, àmọ́ iṣẹ́ tí oníkálukú fi í ṣe ò dọ́gba.

Ẹ tún wo jíìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní ACTN3, èyí táwọn kan sọ lórúkọ ní jíìnì eré sísá. Oríṣi kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé béèyàn bá jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, èròjà kan á sọnù nínú iṣan tó ń bá wa sáré àsápajúdé. Nínú ọgọ́rùn-ún òyìnbó, bí àwọn 18 ló rí bẹ́ẹ̀. Nígbà táwọn onímọ̀ yẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà wò, nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007, agbára káká ni wọ́n fi rí ẹni tí nǹkan yìí sọnù lára ẹ̀. Ní Kenya, bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Ó yá, ẹ bá mi rò ó. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo wa pátá la fẹ́rẹ̀ẹ́ ní jíìnì eré sísá. Ìyá tó ń dín àkàrà ní gáréèjì Ayétòrò ní in, ọ̀gá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá gun àtẹ̀gùn méjì náà ní in. Àwọn ará Kenya tó ń sáré ọlọ́nà jíjìn ní in bákan náà. Ohun tí gbogbo ọjà ní, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ẹni tó máa gba ife?

Òótọ́ ni pé kò sí àmì-ẹ̀yẹ eré sísá tí Nàìjíríà gbà rí ní Olympics tó kọjá 400 mítà. Falilat Ogunkoya gba idẹ nínú 400 mítà ní Atlanta lọ́dún 1996, àwọn ọkùnrin wa sì sá 4x400 ní Sydney lọ́dún 2000, èyí tí wọ́n sọ di wúrà fún wa lọ́dún 2012. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ló wá fàlà sí 400 mítà ni? Lójú tèmi, ibi tí olùkọ́ni wà, tọ́mọ sì ti rí ẹni tó fẹ́ fìwà jọ, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ọmọ ń gbà.

Ìlú Iten ní Kenya ga tó nǹkan bí 2,400 mítà. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ara ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sì máa ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè nìkan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti jáde lọ́gọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n ń sáré pọ̀. Ọmọ kékeré ń rí aládùúgbò tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́lé. Òkè tiwa ní ilẹ̀ Òkun ò ga tó tiwọn, mi ò ní purọ́, àmọ́ òru òun ìdájí tí wọ́n fi ń jí, àwa náà ní in.

Bó bá wá di dandan ká sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó wúlò. Gbogbo wa la mọ genotype nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. AS kì í ṣe àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, SS nìyẹn, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ sọ irú eré tí ẹni tó jẹ́ SS lè ṣe. Ẹni tó jẹ́ AS lè sáré. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ rí àwọn AS láàárín àwọn tó ń sáré gun òkè Cameroon, òkè tó ga ju 4,000 mítà lọ.

Àmọ́ ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 2016, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí bí 48,000 sójà aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn AS inú wọn ò kú ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ewu kí iṣan bàjẹ́ látàrí iṣẹ́ àṣekára fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ sí i lára wọn. Ìyẹn ni pé ká fún ọmọ lómi, ká mú un lọ díẹ̀díẹ̀, ká má fipá mú un sáré nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tàbí nígbà tí ibà bá ń ṣe é. Bó bá ní itan ń dun òun, tàbí òun ò lókun mọ́, ẹ̀yin tíṣà, ẹ má pè é lọ́lẹ o! Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tútù, ẹ fún un lómi, bí kò bá sì rọlẹ̀ kíákíá, ọsibítù yá.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ lọ mọ genotype ọmọ yín kẹ́ ẹ lè dáàbò bò ó, kì í ṣe kẹ́ ẹ lè lé e kúrò lórí pápá. Bó bá gbé ife wálé lọ́la, ẹ ra bàtà fún un. Ẹ̀jẹ̀ kì í dá sáré, ẹsẹ̀ la fi ń sá a. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.