TA NI YÓÒ TỌ́JÚ ỌKỌ̀ BÀBÁ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ tí a ń rí ní ẹ̀bá ọ̀nà láti Ibafo dé Mowe. Èyí tí wọ́n ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi òkúta há táyà rẹ̀, èyí tí awakọ̀ rẹ̀ ń fi páálí fẹ́, gbogbo wọn ló dúró, ṣùgbọ́n àìsàn wọn kò dọ́gba. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé títọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ nílé ní ọgbọ́n tirẹ̀, pé ọgbọ́n náà wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, àti pé àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá yóò jẹ nínú ẹ̀bi rẹ̀ bí a bá jẹ́ kí ó bá wọn wọlẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì? Ṣé a ti parí ọ̀rọ̀ oríkì àti ẹsẹ Ifá ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí.

Bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ kan wà ní àgbàlá ilé wa ní Ifọ̀. Bàbá bàbá mi ló rà á ní àlòkù, lẹ́yìn tí ó ti wa irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ eléré kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn eré oníṣe wa mọ̀ pé láti ìgbà tí Hubert Ogunde ti sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ojú ọ̀nà ni àwọn eléré ń gbé. Lọ́dọ̀ wọn ni bàbá àgbà ti kọ́ ọ pé ọkọ̀ lè di ilé. Nígbà tí ó ra tirẹ̀, ó yọ àga àárín kúrò, ó ní kí káfíńtà kan fi pákó kan bẹ́ẹ̀dì sí i, ó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù kékeré sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ta aṣọ sí ojú fèrèsé. Ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ Westfalia ti ń sọ irú bọ́ọ̀sì yìí di ilé láti 1951. Káfíńtà Ifọ̀ kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe.

Bàbá mi ló jogún rẹ̀. Ó ń gbé e lọ sí agbègbè Mowe àti Ọ̀fàdà láti ra ìrẹsì. Bí ilẹ̀ bá ṣú sí i lọ́jà, inú rẹ̀ ni yóò sùn. Inú rẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ bí a ti ń ka ìwé lábẹ́ iná bátìrì.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì yìí bẹ̀rẹ̀ àìsàn kan. Bí a bá gbé e kúrò ní Ifọ̀ ní àárọ̀, yóò máa sáré bí ẹṣin. Yóò kọjá Sango, yóò gba Akute àti Alagbole yọ sí Bẹ́gà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí a sún mọ́ Ibafo, agbára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. A ó máa gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jóná. Lẹ́yìn náà yóò kú. Bí a bá jókòó tì í fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò tún sítáàtì, yóò sì máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kọ́ílì ni. A ra kọ́ílì. Èkejì ní kábúrétọ̀ ló dọ̀tí. Ó tú u, ó fọ̀ ọ́, a sanwó. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ wò ó dáadáa tí ó fi sọ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí a lọ ra tòkunbọ̀. Owó kan ṣoṣo tí bàbá mi ní lọ́wọ́ nígbà náà ni owó ilé-ẹ̀kọ́ èmi àti àbúrò mi. Oníkóńdẹ̀mù kan sì ti wá wo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ fi ìwọ̀n rà á bí ẹni ra irin lásán. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan mo rí i tí ó ń kó àwọn aṣọ ìbora kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti gbà láti tà á.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Mowe ló ní kí a ní sùúrù. Ó júwe mẹkáníìkì àgbàlagbà kan fún wa ní Ibafo. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá náà kò mú sípánà rárá nígbà tí a débẹ̀. Ó ní kí ọmọṣẹ́ gbé àga wá fún òun. Ó wá bi bàbá mi pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ṣe sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀?" Bàbá mi ní àwọn kò ṣe nǹkan kan sí i. Ó tún bi í pé, "Ẹ kò kùn ún lọ́dà?"

Ìgbà náà ni bàbá mi rántí. Àwọn ihò kan wà ní èjìká ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì náà, lọ́tùn-ún àti lósì. Òjò a máa gba ibẹ̀ kán sórí bátìrì kejì tí a fi ń tan iná inú ọkọ̀. Nígbà tí a fẹ́ kùn ún, a ní kí panẹ́bítà fi páànù dí ihò wọ̀nyí. Bàbá àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí kì í mu omi, afẹ́fẹ́ ló ń mu. Ẹ ti dí i ní imú, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí kò mí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó fi hàn wá, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Ní 1950 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú bọ́ọ̀sì yìí ní Jámánì. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, tiwa kò sì ní rẹdiétọ̀. Fáànù ńlá kan ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti àwọn ihò èjìká náà, tí ó ń fẹ́ ẹ sórí sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo ẹ́ńjìnnì ló ń darí afẹ́fẹ́ yìí síbi tí ó yẹ kí ó lọ. Rọ́bà kan sì yí ẹ́ńjìnnì ká, tí kì í jẹ́ kí ooru ìsàlẹ̀ padà sókè. Bí ihò bá dí, bí páànù kan bá sọnù, tàbí bí rọ́bà bá já, ooru tí ẹ́ńjìnnì ti tú jáde ni yóò tún máa fà símú. Ní tiwa, ìyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé sí i lórí. Ihò ti dí, rọ́bà ti jẹrà, páànù méjì kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Mẹkáníìkì kan ló yọ wọ́n nígbà kan rí, ó ní wọn kò wúlò.

Bàbá náà gé páànù kúrò lójú ihò. Ó fi rọ́bà ṣe òrùlé kékeré sórí bátìrì nítorí òjò. Ó tú páànù méjì lára ẹ́ńjìnnì kan tó ti kú ní àgbàlá rẹ̀, ó fi wọ́n sí tiwa. Ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ó tó sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, ó sì fi àlàfo milimítà 0.15 sí i. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì, lítà méjì àtààbọ̀. Gbogbo owó tí ó gbà kò tó owó kọ́ílì tí a ti kọ́kọ́ rà. Bọ́ọ̀sì náà gbé wa dé Mowe, ó sì gbé wa padà sí Ifọ̀ láìdúró.

Nítorí náà, èrò mi rèé. Èkínní, babaláwo kì í ka ẹbọ kí ó tó dífá. Ẹni tí ó bá ní kí a ra nǹkan kí ó tó bi wá ní ìbéèrè, ẹbọ ló ń kà láìdífá. Ó yẹ kí onílé fúnra rẹ̀ mọ ìtàn ọkọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, èmi àti bàbá mi ní ìwé kan tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ohun tí a bá ṣe, ọjọ́ tí a ṣe é, máìlì tó wà lójú agogo, gbogbo rẹ̀ ni a ń kọ síbẹ̀ ní Yorùbá.

Èkejì, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọkọ̀ di ilé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun ń dí àti ohun tí òun ń ṣí. Wáyà tí a bá fà láti ara bátìrì gbọ́dọ̀ ní fíúùsì ní ìtòsí bátìrì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí wáyà bá bó ni iná yóò ṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń sùn sínú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tàbí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀. Èéfín yẹn kì í jí ènìyàn, ojú oorun ni ó ń pa á sí.

Ẹ̀kẹta, ìtọ́jú díẹ̀díẹ̀ sàn ju àtúnṣe ńlá lọ. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, a máa ń wo ọ́ìlì, a sì ń fọwọ́ kan bẹ́líìtì fáànù. Bí bẹ́líìtì bá já lọ́nà, kí awakọ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí fáànù ti kú nìyẹn. A ń pààrọ̀ ọ́ìlì, a sì ń yẹ tápẹ́ẹ̀tì wò bí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Rọ́bà tí pẹtiróòlù ń gbà kọjá, ọdọọdún ni à ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí bí ó bá ti sán, orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni epo yóò máa kán sí. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì irú eléyìí tó jóná, rọ́bà tí kò tó nǹkan ló fà á.

Mo gbà pé àwọn tó ń sọ pé kí a ta ọkọ̀ àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ sọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan sì kọjá ₦600 kí oṣù keje ọdún náà tó parí, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu epo mọ bí ó ti ń dùn ún. Iwájú pátápátá ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣáájú nínú ìjàǹbá. Nítorí èyí, bàbá mi kì í kó èrò, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sáré. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dá mi lójú, n kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e sí títì nítorí pé bàbá rẹ̀ ló ni ín. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a ó bá tà á, kí ó jẹ́ pé a mọ ohun tó ṣe é, kí ó má jẹ́ pé àìmọ̀kan ẹlòmíràn ló bá wa tà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa nìyí. Ìwé atọ́nà tó bá bọ́ọ̀sì náà wá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọṣẹ́ bàbá Ibafo náà kò lè kà á, ṣùgbọ́n ó ka ìwé tiwa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìkọsẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo àìsàn ọkọ̀. Bí iná kò bá dé ara pulọ́ọ̀gì kan, ó ní ọkọ̀ ń wúkọ́. Bí epo kò bá tó o, ó ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀? Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ifẹ̀ pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayo Bamgbose jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde, àwa náà sì ń fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yangàn nínú ìdánwò wa. A ní orúkọ fún fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì, ṣùgbọ́n a kò tíì lọ bi àwọn ọmọ Ògún léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ gba irú iṣẹ́ yìí wọlé fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Mo sì bẹ ẹgbẹ́ wa pé nígbà ìsinmi, kí àwa tí ilé wa wà ní Ifọ̀, Ibafo àti Mowe mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí àgbàlá àwọn mẹkáníìkì. Kí a ṣe ìwé pélébé kan tí ọmọṣẹ́ lè kà lábẹ́ ọkọ̀. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì tí kì í mu omi ti ń darúgbó. Brazil tó ṣe irú bọ́ọ̀sì náà kẹ́yìn kò ṣe é mọ́ láti òpin 2013, òun pàápàá sì ti fi omi sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ó tó dá a dúró.

Aṣọ ìbora ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n bàbá Ibafo kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Bí a bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, ọwọ́ ni ó fi ń kan ihò èjìká náà, tí yóò máa gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Ẹ jẹ́ kí a lọ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti dáhùn.