Ìyàwó Ilé Lọ Síbi Ìdíje Ayò

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ ọ̀wọ́n, mo mọ̀ pé bí ẹ ti ń ka ojú ewé yìí, ó ṣeé ṣe kí ìkòkò wà lórí iná, kí ọmọ sì wà lẹ́yìn yín. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré, wọ́n kéde ìdíje ayò kan tí yóò gba ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìkirè tiwa níhìn-ín. Ayò kì í ṣe àjèjì sí mi. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi àgbà ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n bá ní kí n gbé omi mímu lọ fún wọn lábẹ́ igi iwájú ilé, tí n kò sì ní padà wọlé mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Inú mi dùn, mo sì sáré lọ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ìgbà tí mo kọ ọ́ tán ni mo tó rántí pé mo ní ọkọ, mo ní ọmọ méjì, ìyá ọkọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé ọmọ ayò ni o fẹ́ lọ máa tọ́jú, tí o ó fi ọmọ tí o bí sílẹ̀?” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò sọ pé kí n má lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, “Bí o bá lọ, má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ọkùnrin. Èmi ni ojú yóò tì.”

Bóyá ẹ̀yin kan wà tí ẹ kò ta ayò rí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà níwájú ẹnì kìn-ín-ní, mẹ́fà níwájú ẹnì kejì. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Bí ó bá kàn ọ́, wàá kó gbogbo ọmọ inú ihò kan ní ìhà tìrẹ, wàá máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti òsì lọ sí ọ̀tún, títí dé ìhà ẹnì kejì rẹ. Bí ọmọ tí o fi sílẹ̀ kẹ́yìn bá bọ́ sínú ihò rẹ̀, tí ó sọ ọmọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o ti jẹ wọ́n nìyẹn. Ẹni tí ó bá jẹ tó 25 ti borí. Bí ọmọ bá sì pọ̀ nínú ihò kan títí ó fi tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó lè yí ọpọ́n ká, a ń pè é ní odù. Bí ẹnì kejì kò bá ní ọmọ kankan mọ́ níwájú rẹ̀, òfin ni pé kí o ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí òun náà lè rí nǹkan ta. Ẹ wo irú òfin bẹ́ẹ̀! Àwọn baba wa kò fẹ́ kí a fi ebi pa ọ̀tá.

Ogun ni ayò, ṣùgbọ́n ogun tí kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni. Àwa tí a wà ní agbègbè yìí sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú ogun méjèèjì. Àríyànjiyàn lórí ataare ní ọjà Àpòmù, ìlú tí ó jẹ́ ará ilé wa gan-an, wà lára ohun tí ìtàn sọ pé ó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ogun tí ó sọ ìlú ńlá di ahoro. Ẹni tí ó bá lè jókòó sídìí ọpọ́n, kí ó jà, kí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, kí ó sì bá ẹni tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ mu omi, ó ti kọ́ ohun tí àwọn ọmọ ogun náà kò kọ́.

Àwọn òyìnbó pẹ̀lú ní irú ogun bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1913 ni H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tó fi kọ́ni bí a ti ń fi ọmọ ogun ìṣeré kéékèèké jagun nínú ilé. Láti ọdún 1983 sì ni eré tí wọ́n ń pè ní Warhammer ti wà. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kó ère jagunjagun àti ti iwin kéékèèké tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kùn ní ọ̀dà wá sórí tábìlì, wọ́n á sì bá ara wọn díje ní òpin ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀lẹ nìkan ní í jókòó ti eré, ẹ sọ fún un pé àgbà ń ṣe é káàkiri ayé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìtàn mi. Kí n tó lọ, mo ṣètò ilé mi bí ẹni tí ń lọ sí ọjà oko. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo se ọbẹ̀ ọjọ́ méjì, mo fọ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ, mo sì lọ̀ wọ́n. Mo bẹ àbúrò ọkọ mi obìnrin kí ó wá sùn tì wọ́n, mo sì kó owó oúnjẹ fún un. Mo ra dòdò Ìkirè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà, méjì nílé fún ìyá ọkọ mi, ìyókù fún ìrìn àjò mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo tún kúnlẹ̀ kí wọ́n. Wọ́n ní kí n lọ kí n bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́rìn-ín.

Níbi ìdíje náà, obìnrin mẹ́ta péré ni wá. Nígbà tí mo jókòó sídìí ọpọ́n àkọ́kọ́, ọkùnrin kan lára àwọn òǹwòran ní kí wọ́n wá mú ìyàwó yìí kúrò kí ọ̀ta ráyè jókòó. Ẹ mọ̀ pé ọ̀ta ni à ń pe ẹni tó mọ ayò ta, ọ̀pẹ̀ sì ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. N kò dá a lóhùn. Mo borí ẹni àkọ́kọ́, mo borí ẹnì kejì, mo sì borí ẹnì kẹta kí oòrùn tó wọ̀. Òǹwòran náà ni ó wá bu omi fún mi.

Ní ọjọ́ Àìkú ni mo pàdé bàbá kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun. Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀, kò sì kánjú. Mo rí i pé ọmọ ń pọ̀ nínú ihò kan níwájú mi, mo bá ń tọ́jú rẹ̀ títí ó fi di odù, ọmọ 14. Inú mi ń dùn, mo ń ronú ohun tí n ó fi jẹ. Bí mo ti ń ṣọ́ odù yìí ni bàbá ń jẹ mí ní méjì-méjì níbi tí n kò wò. Ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọ pọ̀ nínú àwọn ihò tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí mo ta odù náà, n kò rí nǹkan kan jẹ. Ó wá ku ẹyọ kan-kan àti méjì-méjì níwájú mi, bí adìyẹ tí kò ní olùṣọ́. Bàbá jẹ wọ́n tán. Òun ní 27, èmi ní 21. Bí mo ṣe kúrò nínú ìdíje nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò ní purọ́ fún yín. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ wálé, irọ́ ni mo ń tò. Mo ní n ó sọ pé adájọ́ ṣègbè. Mo tún ní n ó sọ pé ara mi kò yá. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi nípa ìtìjú ń dún létí mi. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje nígbà náà. Bí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá borí rẹ̀ nínú eré kankan, ńṣe ni yóò da eré náà nù, tí yóò sì máa sunkún pé ó yàn án jẹ. Mo ti bá a wí títí, ó sú mi. Mo wá bi ara mi léèrè pé, bí mo bá délé tí mo ní adájọ́ ni ó yàn mí jẹ, ta ni ó kọ́ ọmọ yìí ní ohun tí ó ń ṣe?

Mo délé. Àwọn ọmọ sáré pàdé mi. “Màmá, ṣé ẹ borí?” Mo ní, “Rárá, bàbá kan borí mi, ó sì mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ.” Ọkọ mi dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọpọ́n wá, ó ní, “Níbo ni o ti ṣìnà?” Mo to ọmọ ayò bí wọ́n ti wà, mo sì fi ibi tí ojúkòkòrò mi ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n. Bí mo ti ń ṣàlàyé, ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn wa: “Ìyàwó, ihò tí ó wà lọ́tùn-ún ni ò bá ti kọ́kọ́ ta.” Ìyá ọkọ mi ni. Gbogbo wa yíjú padà. Wọ́n ní àwọn ni ọ̀ta láàárín àwọn ẹgbẹ́ àwọn nígbà èwe, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ, kò sí ẹni tí ó tún bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ayò ta. Alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n borí mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin mi borí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti ń retí igbe. Ọmọbìnrin náà fajú ro, ó na ìka sí ihò kan, ó ní, “Ibí ni mo ti ṣìnà.” Ìdíje wo ni ó tún lè fún mi ní ẹ̀bùn tó ju èyí lọ?

Ẹ má rò pé eré orí tábìlì kò lè gbé ènìyàn débì kankan. Ní ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba ipò kìn-ín-ní ní àgbáyé nínú Scrabble èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Túndé Ọ̀nàkọ̀yà, ẹni tí ó ń fi ayò ṣẹ́ẹ̀sì gbé àwọn ọmọ tálákà ìlú Èkó dìde, ta á fún 60 wákàtí ní New York láti fi wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé. Ní ilẹ̀ Ùgáńdà, Phiona Mutesi, ọmọbìnrin tó ń ta àgbàdo ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Katwe, kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì títí ó fi ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Wọ́n sì fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù ní ọdún 2016.

Nítorí náà, ìwọ ìyàwó tí ọkàn rẹ ń fà sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀, gba ìmọ̀ràn mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Èkíní, sọ ọ́ fún àwọn ará ilé kí o tó kọ orúkọ sílẹ̀, má ṣe bíi tèmi. Èkejì, ṣètò oúnjẹ àti ẹni tí yóò wo ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé o sá fi ilé sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, má fi owó ọjà tàbí owó ilé ìwé ta tẹ́tẹ́ nídìí ọpọ́n, nítorí ibẹ̀ ni eré ti ń di ẹkún. Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá borí rẹ, sọ òtítọ́ nílé. Ojú àwọn ọmọ wà lára wa ní ọjọ́ tí a bá ṣubú ju ọjọ́ tí a bá gun ẹṣin lọ.

Kí o sì tó lọ, bi ìyá ọkọ rẹ léèrè bóyá wọ́n mọ ayò ta. O kò mọ̀ bóyá ọ̀ta ni ẹ jọ ń gbé ilé kan náà. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o. Ilé wa kò ní tú, ọmọ wa yóò sì yè.