Ẹ Fi Rose Red Lọ́rùn Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ẹni tó bá ti ka kọ́míìkì Fables dé òpin, ẹjọ́ kan náà ló sáábà máa ń rò: òpin rẹ̀ tútù, wọ́n fi ogun tan àwa òǹkàwé jẹ. Mo ní irọ́ ni. Ogun ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àìsí ogun yẹn gan-an ló gba ìwé náà là.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: Bill Willingham ló kọ Fables ní Amẹ́ríkà, Mark Buckingham ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, ó parí ní oṣù keje ọdún 2015 pẹ̀lú nọ́ńbà 150. Òun náà ni ìwé kejìlélógún, Farewell. Àwọn ẹ̀dá inú àlọ́ òyìnbó ló wà níbẹ̀: Snow White, Pinocchio, ìkookò tó ń fẹ́ ilé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ lulẹ̀. Ọ̀tá kan gba ilẹ̀ wọn, wọ́n sá wá sí New York, wọ́n ń fara pa mọ́ síbẹ̀ bí àtìpó. Èyí tí ìrísí rẹ̀ ò bá jọ ti ènìyàn, oko ni wọ́n kó o lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ ò kúkú lè máa rìn ní Manhattan.

Snow White ní àbúrò, Rose Red. Nígbà tí ìwé kù díẹ̀ kó tán, a gbọ́ pé nínú ìdílé ìyá wọn, ọmọ ìyá a máa pa ọmọ ìyá, títí agbára ìdílé yóò fi dúró sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ni Rose bá kó ọmọ ogun jọ. Snow náà ò sùn. Bigby ọkọ Snow, ìkookò yẹn, tí wọ́n ti sọ di gíláàsì tí wọ́n sì fọ́ ọ yángá, ó padà dé bí ẹranko apànìyàn. Àwa òǹkàwé ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Àfi bí Rose Red ṣe ní òun ò jà mọ́. Ó tú ogun ká, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tún pàdé, àtọmọdọ́mọ Snow sì dúró lọ bí eéṣú lójú ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n ká pọ̀. Ó tán.

Wọ́n ní ẹ̀tàn ni. Ẹ gbọ́ ná, ogun wo lẹ tún ń wá? Ogun ńlá ti jà tán ní nọ́ńbà 75, lọ́dún 2008. Wọ́n fi ọkọ̀ igi tó ń fò jà, wọ́n sì ṣẹ́gun Ọ̀tá yẹn, tí í ṣe Geppetto, bàbá agbẹ́gilére tó gbẹ́ Pinocchio. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni kò bá ti parí. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e ò dọ́gba. Ìwé kẹtàlá, The Great Fables Crossover, n ò ní ní kí ọ̀tá mi kà á.

Àmọ́ ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí la kọ́kọ́ bá lọ́dún 2002? Yàrá Rose Red ni, ẹ̀jẹ̀ lára ògiri, Bigby ń wádìí ẹni tó pa á. Kò sẹ́ni tó pa á. Òun àti Jack ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ló ṣe ikú èké. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sì rẹ́, torí Rose ti bá ọkọ àárọ̀ Snow sùn. Ìjà tí ìwé náà bí nìyẹn! Kì í ṣe ti Geppetto. Ikú èké ló fi ṣílẹ̀kùn, ikú tí ẹnì kan kọ̀ láti pa ló fi tì í. Ẹ wá ní kò lórí kò nídìí?

Mo gbà pé àlàáfíà yẹn yá jù. Ojú ewé tí wọ́n fi pọ́n idà pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi tì í bọ àkọ̀ lọ. Àwọn ìtàn ìkẹyìn kéékèèké inú rẹ̀, tí oríṣiríṣi ayàwòrán yà, òmíràn dùn, òmíràn dà bí àlejò tó ń dágbére lẹ́nu ọ̀nà tí kò lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa náà ti ń bá wọn kọrin yìí. Nínú ẹgbẹ́ wa níbí, mú ìtàn tí ẹnikẹ́ni ò kú nínú rẹ̀ wá, wọ́n á ní, “Ó kù síbì kan.” Ẹ̀jẹ̀ la wá fi ń ṣe fúlísítọ́ọ̀pù! Ìwọ tí a jọ ń ka Yorùbá, ṣé gbogbo àlọ́ ni Ìjàpá ti ń kú ni? Ìgbà mìíràn, ojú a tì í, á lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ gidi wà tí ẹ lè bá wọn bínú sí. Lọ́dún 2022, wọ́n tún hú òkú ìtàn yẹn jáde: nọ́ńbà 151 dé, The Black Forest, títí di 162. Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́. Lọ́dún 2023, Willingham bá ilé iṣẹ́ DC fà á, ó kéde pé òun ti yọ̀ǹda Fables fún gbogbo ayé. DC ní àwọn làwọn ni ín. Wọ́n dágbére tán, wọ́n tún jókòó, wọ́n wá ń jà sórí àga. Ẹ ò sọ̀rọ̀ síyẹn, Rose Red tó bá tirẹ̀ lọ lẹ ń bú.

Farewell wà lọ́wọ́ mi. Ẹni bá fẹ́ yá a kó wá, àmọ́ kó rọra ṣí ojú ewé tí wọ́n ká yẹn, ó ti fẹ́ ya.