Albatross: Ẹyẹ Tó Ń Rìn Jìnnà Nítorí Ẹyin Kan

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Bí ó ti fẹ̀ tó náà nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí ẹyẹ òkun ńlá tí à ń pè ní albatross ń gbà lọ tó bá ti kúrò nídìí ìtẹ́ rẹ̀. Wọ́n a máa fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti fi í sí i àti ibi tí wọ́n ti tún rí ẹyẹ náà nìkan ni òrùka lè sọ. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, òkun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Erékùṣù Crozet, tó wà lábẹ́ Faransé ní gúúsù Òkun Íńdíà, ni àṣírí náà ti tú. Ní 1989, Pierre Jouventin àti Henri Weimerskirch so ẹ̀rọ kékeré tí ń ta àmì mọ́ ẹ̀yìn akọ albatross mẹ́fà. Sátẹ́láìtì ló ń gba àmì náà lókè. Ẹ mọ bí ìró ọkọ̀ ṣe máa ń yàtọ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ àti nígbà tó bá ti kọjá; bẹ́ẹ̀ náà ni àmì yìí ń yí padà bí sátẹ́láìtì ṣe ń kọjá, inú ìyípadà náà ni wọ́n sì ti ń ṣírò ibi tí ẹyẹ wà.

Ìrìn àjò kan ṣoṣo láti wá oúnjẹ ń gba ẹyẹ náà ní 3,600 sí 15,000 kìlómítà. Ó lè fò tó 900 kìlómítà lọ́jọ́ kan. Apá rẹ̀ méjèèjì, tó bá nà án, ju mítà mẹ́ta lọ; atẹ́gùn ló ń gùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju apá.

Ẹyin kan ṣoṣo ni abo ń yé. Tọkọtaya ni wọ́n jọ ń sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 78. Bí ọ̀kan ti wà lójú òkun, èkejì ń gbààwẹ̀ nídìí ẹyin, ó ń retí. Bí ẹni tó lọ kò bá dé, ebi yóò lé ẹni tó wà nílé dìde, ẹyin á sì bàjẹ́.

Kí ni kì í jẹ́ kó dé? Àwọn ọkọ̀ apẹja kan ń ju okùn gígùn sínú omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀ ló wà lára rẹ̀, ìjẹ sì wà lẹ́nu ìwọ̀. Ẹyẹ á já ìjẹ gbà, ìwọ̀ á kọ́ ọ, okùn á wọ́ ọ wọ inú omi. Ipasẹ̀ tí sátẹ́láìtì fi hàn jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn abo a máa lọ sí ìhà àríwá, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí àwọn tó ń wá ẹja tuna pọ̀ sí. Ìdí nìyí tí abo fi ń kú ju akọ lọ.

Lónìí, ẹyẹ náà ti di ẹlẹ́rìí. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2020, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ albatross 169 ń gbọ́ radar ọkọ̀ ojú omi. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n bá pàdé, ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tan ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Lójú agbami tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan, ó tó 37. Ẹni tó pa iná ọkọ̀ rẹ̀ rò pé ẹnikẹ́ni kò rí òun.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí apẹja ju okùn sómi lóru, kí ó so òjé mọ́ ọn kó lè tètè rì, kí ó sì ta okùn tó ní ọ̀já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ láti lé ẹyẹ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ikú ẹyẹ ń dínkù.

Ẹni tó bá ń júbà Olókun mọ̀ pé òkun kì í ṣe ilé òfìfo. Kí ẹni tó lọ wá oúnjẹ lójú agbami padà bá ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé. Àṣẹ.